Abẹ́rẹ́ Kan fún Ẹṣin Mọ́kànlá

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kó màlúù kúrò níbi tí omi ti ń kún, Abadio gún àwọn ẹṣin rẹ̀ mọ́kànlá ní oògùn agbára. Garoa, abo ẹṣin tó lóyún, ló kọ́kọ́ gún. Abẹ́rẹ́ kan náà ló lò fún gbogbo wọn. Darandaran ni ní Pantanal, ilẹ̀ àbàtà ńlá ní Brazil. Ìwo màlúù kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn darandaran ibẹ̀ fi ń mu tereré, omi ewé tútù wọn.

"Bàbá Neuza, ẹ ò ní pààrọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn ni?" Dorvalina ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ẹṣin ń ṣe fáàrí ni? Àwa náà ò kúkú pààrọ̀ ìwo."

Kò pé oṣù kan, ibà mú mẹ́rin nínú àwọn ẹṣin náà. Ọ̀kan kú. Dókítà Iraci tó ń tọ́jú ẹran gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn. Àrùn tó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ẹṣin wà lára àwọn mẹ́ta tó kù nínú àwọn tí ibà mú, ó sì wà lára Garoa.

"Garoa kẹ̀? Dókítà, ẹ wo bó ṣe ń dán."

"Ẹ rántí ibà tó ṣe é léṣìí. Àtìgbà náà ló ti wà lára rẹ̀, abẹ́rẹ́ yín ló sì gbé e dé ara àwọn yòókù. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló tẹ kòkòrò náà mọ́lẹ̀. Kòkòrò á pààrọ̀ aṣọ, wọ́n á tún dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n kò ní kúrò lára rẹ̀ láéláé. Iṣẹ́ àṣejù lè tún gbé e dìde. Ìjà yẹn gan-an ló ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ẹṣin tán."

Wọ́n sàmì sí àwọn mẹ́rin náà, wọ́n kó wọn sọ́tọ̀, jìnnà, nítorí eṣinṣin amùjẹ̀ tó ń gbé àrùn náà láti ara ẹṣin kan dé òmíràn. Ibẹ̀ ni Garoa bímọ sí. Àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn náà wà lára ọmọ náà. Abadio mú ìbọn.

"Ẹ gbé e sílẹ̀," Dorvalina wí. "Ẹ ti ṣe èyí tẹ́ ẹ ṣe. Ẹ jẹ́ ká bi Dókítà."

Iraci ní, "Ààbò tó mu nínú ọmú ìyá rẹ̀ ni àyẹ̀wò ń rí. Ó lè yọ kúrò. Ẹ já a lẹ́nu ọmú tó bá pé oṣù mẹ́fà, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn, ká tún wò."

Dorvalina fi àwọ̀n bo ilé ẹṣin kékeré náà. Abadio lọ bá àwọn aládùúgbò tí òun ti yá ní abẹ́rẹ́ náà, ó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Àwọn kan bú u. Síbẹ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹṣin wọn wò.

Nígbà tí ọmọ ẹṣin pé oṣù mẹ́sàn-án, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Wọ́n tún wò ó lẹ́yìn oṣù méjì, ó ṣì mọ́.

Ẹ̀yin tó ń sin ẹṣin, abẹ́rẹ́ tó bá ti wọ ara kan, ẹ má fi kan òmíràn. Ẹ má ra ẹṣin láìyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nítorí pé ara rẹ̀ ń dán. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má fi àyẹ̀wò kan ṣoṣo pa ọmọ ọwọ́. Ẹran ò lè sọ ohun tó ń ṣe é. Àwa la ó bèèrè.