Ta Ló Gbé Rẹ́jísítà Màmá Síónì?

Orin ìjọsìn àárọ̀ ti dé ẹsẹ kejì kí igbe tó ta. Ọjọ́ Ajé ni, nínú oṣù kìíní ọdún 1988, ọyẹ́ sì ti fi eruku kun gbogbo Okokomaiko bí ẹni fi àtíkè kun ọmọ. Àwọn ọmọ Ilé-ìwé Ẹ̀bùn Síónì tò sórí yanrìn nínú yunifọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé, ètè wọn ti sán, wọ́n sì ń kọrin lọ. Àfi gbùà! Màmá Síónì, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé náà, já síta láti inú ṣọ́ọ̀ṣì, gèlè lọ́wọ́, orí lásán.

"Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti gbé rẹ́jísítà mi lọ!"

Ẹni tí kò bá mọ Okokomaiko ìgbà yẹn lè máa rẹ́rìn-ín pé kí ni ìwé kan já mọ́. Kó rọra. Igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ nígbà náà. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe dáadáa, èèyàn á wà ní Iyana-Iba, á máa gbọ́ fèrè àwọn ológun ojú omi ní Navy Town. Ilé-ìwé kan ṣoṣo ló wà ní àdúgbò Igbó-Elérin tí mẹkáníìkì àti aránṣọ lè mú ọmọ wọn lọ láìfi ojú gbolẹ̀, òun ni Ẹ̀bùn Síónì, tí Arábìnrin Àríkẹ́ Májẹ́kódùnmí dá sílẹ̀ lọ́dún 1977 nínú ọgbà ìjọ aláṣọ funfun kan, pẹ̀lú ọmọ méje àti ẹní méjì. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń pè é ní Màmá Síónì.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn ará Mínísírì Ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá yẹ ilé-ìwé náà wò. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ó di ilé-ìwé tí ìjọba mọ̀. Bí wọn ò bá rí rẹ́jísítà ńlá, tí orúkọ gbogbo ọmọ tó ti wọlé láti ọdún mọ́kànlá wà nínú rẹ̀, àgádágodo ni wọn óò kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, Ìnspẹ́kítọ̀ Ọláńrewájú Ògúnlẹ́yẹ ti dé lórí alùpùpù Fẹ́sípà rẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí ni, tó máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè bí ẹni tó wá ṣeré lásán, títí olúwarẹ̀ á fi sọ ohun tí kò ní lọ́kàn láti sọ. Ó ń gbé ẹsẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀ṣì ni obìnrin kan ké mọ́ ọn.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ bọ́ bàtà! Ṣé ọjà Alaba lẹ rò pé ẹ dé ni?"

Tíṣà Florence Ẹkúndayọ̀ ni, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ìwé kìíní. Òun àti Màmá Síónì ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé náà. Ìnspẹ́kítọ̀ bọ́ bàtà. Àtàǹpàkò rẹ̀ yọjú láti inú ìbọ̀sẹ̀, àwọn ọmọ sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa rín in," ló wí. "Ẹ ṣáà jẹ́ kí n rí ìwé náà ná."

Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ ni kọ́bọ́ọ̀dù rẹ́jísítà wà. Ìnspẹ́kítọ̀ ò tíì wọlé tó fi lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀.

"Ta ló gbá ibí kẹ́yìn?"

"Àwọn ìyá ìjọ ni, nírọ̀lẹ́ àná, lẹ́yìn ìsìn," ni Màmá Síónì fèsì.

Eruku ọyẹ́ tó wọlé lóru ti tẹ́ sórí sìmẹ́ńtì náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ipa ẹsẹ̀ èèyàn méjì ló wà nínú rẹ̀, láìsí bàtà. Ọ̀kan jẹ́ ti Màmá Síónì, tó sáré wọlé tó tún sáré jáde. Èkejì kò sáré rárá. Ó rìn wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó dúró níwájú pẹpẹ, orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn náà ló tó lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i, ó sì dá kọ́kọ́rọ́ padà sórí ìṣó tó máa ń wà lára ògiri.

"Olè tó gbàdúrà kó tó jalè," ni Ìnspẹ́kítọ̀ ń sọ lábẹ́nu. "Màmá, ta ló mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ yìí máa ń wà?"

"Gbogbo wa ni. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, a kì í tì í. Ta ló fẹ́ wá jí Bíbélì?"

"Ta lẹ fura sí?"

Màmá Síónì ò fi bọpo bọyọ̀. "Alhaji Sùnmọ́nù Adéníjì ni! Òun ló ni ilẹ̀ yìí. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń sọ pé ṣọ́ọ̀bù lòun fẹ́ fi ibẹ̀ kọ́. Bí Mínísírì bá tì wá pa, ilẹ̀ ti bọ́ sí i lọ́wọ́ nìyẹn."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Tíṣà Florence?"

Florence wo ilẹ̀. "N ò lè nàka sí ẹnikẹ́ni, sà."

Wọn ò tíì ránṣẹ́ pe Alhaji tóun fúnra rẹ̀ fi dé, báàgì ìrìnàjò léjìká, agbádá rẹ̀ pọ́n fún eruku. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ló bá nàka sí Màmá Síónì.

"Ìyá yìí, mo gbọ́ yín láti ìta, ẹ ní èmi ni mo jí ìwé yín? Èmi tí n ò mọ A yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ tábìlì! Kí ni mo fẹ́ fi í ṣe, kí n fi wé àkàrà?"

"Alhaji, níbo lẹ jí sí lónìí?" ni Ìnspẹ́kítọ̀ béèrè.

"Badagry ni, níbi ìkómọ àbúrò mi. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ti lọ. Èmi àti Fáòsíátù elépo la jọ wọ mólúè bọ̀ láàárọ̀ yìí, ó ṣì wà ní ibùdókọ̀ tó ń ka kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Ẹ lọ bi í!"

Ìnspẹ́kítọ̀ lọ bi í. Òótọ́ ni. Fáòsíátù tiẹ̀ fi kún un pé Alhaji sùn lé òun léjìká láti Agbara, ó sì hanrun.

Ó wá ku ẹni tí àwọn òbí kan ti ń tọ́ka sí lẹ́yìn fẹ́ǹsì, ìyẹn Tíṣà Isaac Ògúndìran. Oṣù kẹsàn-án ló dé, ọmọ ìjọ àtúnbí, ó gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, táì rẹ̀ sì gún. Ìta ni Ìnspẹ́kítọ̀ ti bá a, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó ìròyìn ilé-ìwé.

"Wọ́n ní ẹ ò fẹ́ràn ìjọ yìí, tíṣà."

"Mo fẹ́ràn wọn, sà. Bàtà mi ni n ò lè bọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, n ò wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn rí. Bí ìjọsìn bá bọ́ sínú ilé, ìta ni mo máa ń dúró sí. Ẹ bi àwọn ọmọ. Wọ́n ti sọ mí ní Tíṣà Ojú Fèrèsé."

Ìnspẹ́kítọ̀ rẹ́rìn-ín. "Àyẹ̀wò yìí, ta ló máa pa lára bó bá yege?"

Isaac fa táì rẹ̀. "Ẹ má ní mo sọ ọ́ o. Tíṣà tí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí, Mínísírì ò ní jẹ́ kó kọ́ ọmọ mọ́. Àwa márùn-ún ni. Mẹ́rin ní in."

Ìnspẹ́kítọ̀ ò bi í lórúkọ ẹnì karùn-ún. Ó yíjú sí pátákó. Ẹni tó kọ ọ́ fi rúlà fa ìlà, lẹ́tà rẹ̀ sì dúró ṣánṣán. Ìròyìn ọ̀sẹ̀ yìí. Ajé, ẹsẹ Bíbélì àkọ́sórí. Ìṣẹ́gun, orin. Ọjọ́rú, iṣẹ́ ọwọ́, kí ìwé kẹrin mú ìko wá. Ọjọ́bọ̀, ìdíje Bíbélì. Ẹtì, ìdánrawò mááṣì-páàsì.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o!" ni Isaac kígbe. "Anti Florence ló ni ín. Aago mẹ́fà ààbọ̀ láràárọ̀ ọjọ́ Ajé ló máa ń kọ ọ́, kí ọmọ kankan tó dé. Táàmù tó kọjá, ó kọ ọ́ pé Yétúndé ló gbégbá orókè nínú ìdíje Bíbélì, àṣé Àbíkẹ́ ni. Ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ bẹ àwọn òbí Àbíkẹ́ ní Navy Town! Ó ní ohun tí òun bá kọ síbẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ irọ́, torí ibẹ̀ làwọn ọmọ ti kọ́kọ́ ń kọ́ ìwé kíkà."

Ìnspẹ́kítọ̀ tún ka pátákó náà.

Ní aago méjì, nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ, ó kó wọn jọ sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá Síónì jókòó, Florence jókòó, Alhaji kọ̀ láti lọ sílé, ó ní òun fẹ́ gbọ́ orúkọ olè tí wọ́n ní òun ni. Isaac dúró sójú fèrèsé.

"Màmá, kí lẹ ní kí wọ́n kọ sí ọjọ́ Ẹtì lórí pátákó?"

"Àbẹ̀wò Mínísírì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fún gbogbo tíṣà lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Mááṣì-páàsì ló wà níbẹ̀."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀!"

"Ẹ lọ wò ó." Ó yíjú sí Florence. "Tíṣà, aago mẹ́fà ààbọ̀ lẹ kọ ọ́. Aago mẹ́jọ kọjá kí Màmá tó mọ̀ pé rẹ́jísítà ti sọnù. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé àbẹ̀wò ò ní wáyé?"

"Mo gbàgbé ni, sà."

"Ẹ ò gbàgbé ìko ìwé kẹrin." Ohùn Ìnspẹ́kítọ̀ rọ̀. "Ẹni tó wọlé lówùúrọ̀ yìí bọ́ bàtà, Isaac kọ́ nìyẹn. Alhaji náà á bọ́ bàtà, mo fojú mi rí i, àmọ́ èjìká Fáòsíátù ló wà. Ẹni yẹn sì kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ kó tó mú ìwé. Ìgbà tó jáde, ó mú ṣọ́ọ̀kì. Bó bá jẹ́ ọ̀daràn gidi, á kọ àbẹ̀wò Mínísírì gàdàgbà, ẹnikẹ́ni ò ní fura. Ẹ ti gbé rẹ́jísítà tán, tíṣà, àmọ́ ẹ ò lè kọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ pé kò ní ṣẹlẹ̀ síwájú àwọn ọmọ yín."

Florence dìde. Ó lọ sídìí àpótí iṣẹ́ ọwọ́, ó kó ìko àti ìgbálẹ̀ àjákù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì gbé rẹ́jísítà jáde. Kò sí ojú ewé kan tó ká.

"Florence!" Màmá Síónì dìde. "Ìwọ?"

"Sístà Àríkẹ́, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?" Ó ti ń sunkún. "Nígbà tí bàbá mi kú ni mo fi ìwé sílẹ̀, ẹ mọ̀. Ẹ̀yin náà lẹ ní ohun tí mo mọ̀ tó. Èmi ni mo di ọwọ́ gbogbo wọn mú tí wọ́n fi kọ orúkọ ara wọn. Wọ́n á wá wo bébà kan tí n ò ní, wọ́n á ní kí n máa lọ! Mo rò pé bí wọn ò bá rí ìwé, wọ́n á bínú lọ, a óò sì wà bá a ṣe wà."

"Wọ́n á tì wá pa ni!"

"N ò rò ó débẹ̀."

"Ka ojú ewé àkọ́kọ́," ni Màmá Síónì wí lójijì.

Florence ò ṣí ìwé náà. Ó dì í mọ́ àyà, ó pajú dé. "Mùsítúrà Adéníjì."

"Ó wà!" Alhaji ló dáhùn láti ẹ̀yìn. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ọmọ mi ni, ó ti bí ọmọ méjì. Òun ló máa ń ka lẹ́tà fún mi."

Ìnspẹ́kítọ̀ ti ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀ bọ àpò. "Màmá, ẹjọ́ wà níbí bẹ́ ẹ bá fẹ́."

"N ò pè é lẹ́jọ́." Màmá Síónì nu ojú. "Àmọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, Florence, ìwọ lo máa fi ọwọ́ ara rẹ gbé e fún wọn. Ohun tí wọ́n bá sọ, a jọ máa gbọ́ ọ ni."

Ọjọ́ Ẹtì dé. Obìnrin kan tó wọ gíláàsì ló ṣáájú àwọn ará Mínísírì. Florence fi ọwọ́ méjèèjì gbé rẹ́jísítà fún un. Obìnrin náà ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò rí ibi tí wọ́n ti pa nǹkan rẹ́.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ó mọ́. Ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ yín dà?"

Màmá Síónì la ẹnu. Florence mi orí sí i pé kó dákẹ́.

"N ò ní, mà."

Obìnrin náà kọ̀wé pẹ́. Nígbà tó gbójú sókè, ó ní ilé-ìwé náà yege. Ó bọ́ gíláàsì, ó wá rọra sọ fún Florence pé kò ní lè kọ́ àwọn ọmọ mọ́ bí táàmù yìí bá parí.

"Ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá nìyẹn," ni Florence wí.

Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó sì gba ẹ̀yìn ilé lọ sí yàrá ìwé kìíní. Ariwo ti ń sọ níbẹ̀, ẹnì kan ti gun tábìlì. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ jókòó, ẹ̀yin aláriwo! Ta ló máa wá fi lẹ́tà tá a kọ́ lánàá hàn mí?"

Ọwọ́ mọ́kàndínlógójì ló nà sókè lẹ́ẹ̀kan náà.