Oúnjẹ Abẹ́ Igi Òrí

Eṣinṣin kan kì í bà lé oúnjẹ ọkùnrin náà. Ìgbà máńgòrò ni, eṣinṣin kún gbogbo ìlú Ofiki débi pé ènìyàn kò lè la ẹnu sọ̀rọ̀ láìfi ọwọ́ lé wọn. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ tí Mọ́ládé bá ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án, abọ́ òkèlè kan á wà níwájú ọkùnrin náà lábẹ́ igi òrí tó wà lẹ́yìnkùlé, ẹyọ eṣinṣin kan kò sì ní sí lórí rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ wá bá mi jẹun," ni yóò wí, láìgbé ojú sókè.

"Á gba ibi ire o," ni Mọ́ládé yóò dáhùn, á sì wọlé.

Bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó ń jẹun á pe ẹni tó ń kọjá, ẹni tó ń kọjá á súre fún un, á bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ìbáà jẹ́ ní Ofiki, ìbáà jẹ́ ní Kétu lọ́hùn-ún, tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kétu ni ọ̀dọ́bìnrin náà, Mọ́ládé, ti wá, ní òdìkejì ààlà, láti wá kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Faransé ní ilé ìwé aládàáni kan. Ìyá rẹ̀ ta ewúrẹ́ méjì tó ní láyé fún owó ọkọ̀. Samsudeen, ẹni tó ni ilé ìwé náà, fún un ní yàrá kan lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ilé àtijọ́ kan tó jẹ́ tirẹ̀, ó ní kó máa ṣún owó ọwọ́ rẹ̀ ná títí owó oṣù àkọ́kọ́ yóò fi jáde. Mọ́ládé sì ń ṣún un ná: gààrí ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, omi púpọ̀, máńgòrò tí afẹ́fẹ́ bá gbọ̀n sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, gààrí tán. Ó tọ Samsudeen lọ pé kó fún òun ní díẹ̀ nínú owó oṣù.

"Ṣé ebi ló lé ọ wá láti Kétu ni?" ni ọkùnrin yẹn bi í, ó ń tayín. "Ìparí oṣù ò jìnnà mọ́."

Ẹ ò rí ìwọ̀sí! Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ìrẹsì àti adìẹ tán ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ìfun rẹ̀ ń ké. Mọ́ládé gbé ìbínú náà délé. Nígbà tí ọkùnrin abẹ́ igi tún pè é, kò súre fún un mọ́. Ó jókòó.

Òkèlè náà tutù, kò níyọ̀, yanrìn díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ bíi ti èlùbọ́ tí wọn kò kù dáadáa. Ọkùnrin náà ní Olúkúnlé ni orúkọ òun, ọmọ Ṣábẹ, tíṣà ìṣirò. "Èmi náà ń dúró de owó oṣù àkọ́kọ́," ló wí, wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tí abọ́ ṣófo, ó gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "A ti jọ jẹun. Ẹjọ́ mi di tìẹ."

Mọ́ládé rẹ́rìn-ín. Wọ́n máa ń sọ ọ́ nílé wọn náà pé àwọn tó jọ jẹun ti mulẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ da ara wọn. Ó ṣe é ní kàyéfì pé òun ò rí ọkùnrin yìí rí nílé ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yó kì í bi ìbéèrè púpọ̀.

Láti ọjọ́ náà, ebi kò pa á mọ́. "Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe," ló ń wí fún ara rẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń jókòó sábẹ́ igi. Àwáwù, ìyá àgbà tó ń gbé yàrá kejì, ló kọ́kọ́ kọminú.

"Tíṣà, ta lò ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìnkùlé?"

"Olúkúnlé ni, ìyá. Tíṣà ẹgbẹ́ mi."

Ìyá náà sọ igbá èlùbọ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Olúkúnlé ti lọ sí Líbíà láti èṣí. Ọ̀gá yín ló sọ fún wa."

"Á jẹ́ pé ó ti padà dé nìyẹn, mà."

Àwáwù wò ó títí. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí lọ́sàn-án gangan.

Ọjọ́ owó pé. Samsudeen ń pe àwọn tíṣà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Mọ́ládé, ó ní, "O ò gbọ́ òfin wa ni? Owó oṣù àkọ́kọ́, dídì la máa ń dì í mú. Ọjọ́ tó o bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ la ó fún ọ."

Inú bí Mọ́ládé débi pé ojú rẹ̀ ṣú. Ewúrẹ́ méjì ìyá rẹ̀! Ó la ẹnu láti ké, ṣùgbọ́n ohùn tó jáde kì í ṣe tirẹ̀. Ohùn ọkùnrin ni, ó lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ pẹ́.

"Ọ̀gá, ibà ń ṣe mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ránṣẹ́ sí yín. Ẹ ní owó oṣù àkọ́kọ́, dídì lẹ máa ń dì í mú. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n fi ra oògùn."

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ Samsudeen. Ó mọ ohùn náà. "Olúkúnlé, mi ò mọ̀ pé wàá kú," ló ń wí, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ̀rù ọlọ́pàá ló bà mí tí mo fi sin ọ́ sẹ́yìnkùlé."

Nígbà tí ọ̀fun Mọ́ládé padà di tirẹ̀, Samsudeen ti kó owó oṣù mẹ́ta lé e lọ́wọ́. Ó ní kó wọ ọkọ̀ Kétu lọ́sàn-án yẹn, kó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Owó náà wúwo. Ewúrẹ́ ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀nà ilé wà níbẹ̀, gbogbo ohun tó tìtorí rẹ̀ kọjá ààlà ló wà níbẹ̀.

"Ìyá Olúkúnlé ńkọ́?" ló bi í.

"Mo ránṣẹ́ sí i pé ọmọ rẹ̀ ti gba aṣálẹ̀ lọ. Ó ṣì ń retí rẹ̀."

Mọ́ládé da owó náà bò ó lójú. "Ọmọ ọlọ́mọ lo bò mọ́lẹ̀ bí ẹni bo òkú ajá!" Ó jáde sí gbàgede níbi tí àwọn òbí ti ń dúró de ọmọ wọn, ó sì ké gbogbo ọ̀rọ̀ náà síta.

Àwọn ọkùnrin gbé ọkọ́, wọ́n wọ́ Samsudeen lọ sí ẹ̀yìnkùlé ilé àtijọ́ náà. Kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ igi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò sí abọ́. Samsudeen na ìka sí ibi tí ewé gbígbẹ bò, Àwáwù sì mú ìgbálẹ̀, ó gbá ewé náà kúrò kí wọ́n lè rí ibi tí wọn yóò gbẹ́.

Ilẹ̀ pupa abẹ́ ewé náà ti jìn. Wọ́n ti bù ú lókèlè lókèlè, bí ènìyàn ṣe ń bu oúnjẹ nínú abọ́, ojú ìka sì hàn níbi gbogbo. Ipa ọwọ́ kan ṣoṣo ni, ọwọ́ ọ̀tún, ó sì kéré. Àwáwù di ọwọ́ Mọ́ládé mú, ó gbé e lé ojú ipa náà. Ó bá a mu rẹ́gí.

"Tíṣà," ni ìyá náà wí jẹ́jẹ́, "èmi ò rí ẹlòmíràn lọ́dọ̀ rẹ rí."

Mọ́ládé kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀. Síbẹ̀, inú rẹ̀ yó bámúbámú.