Ọkọ̀ Tó Ń Gbé Omi Mì

Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí kí ọkọ̀ máa gbé omi mì bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ? Èyí kì í ṣe àlọ́. Ọkọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà Ṣùkúrátù ní Atakpamé. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ fọwọ́ kàn án, bí ọkàn rẹ̀ bá gbé e.

Pijó 404 ni, èyí tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dàgbà ju Ṣùkúrátù lọ. Múítì ọkọ rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ nígbà tó kú, òun sì ni obìnrin yìí fi ń kó ẹja bọ̀ láti Nangbéto, tó fi ń bọ́ àwọn ọmọ. Bí ẹ́ńjìnnì yẹn bá kú, ìkòkò ọbẹ̀ bá a lọ nìyẹn. Nítorí náà, kò fi omi rẹ̀ ṣeré. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, á ṣí rédíétọ̀, á yẹ omi wò, á tẹ àwọn rọ́bà omi lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi àtàǹpàkò ti bẹ́líìtì fáànù bóyá ó ti dẹ̀.

Ùbàídùlláh, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ń wa ọkọ̀ náà.

"Ìyàwó, irin lo ń kẹ́ tó báyìí? Èmi tí mo jẹ́ ọkọ, o ò béèrè bóyá mo ti mumi."

"Ẹ̀yin lẹ́nu, ọkọ mi. Òun ò lè sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun."

Lọ́sàn-án ọjọ́ ọyẹ́ kan, wọ́n ń kó ẹja bọ̀. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé Akparé ni abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn gbéra, ó sì ga fíofío. Wọ́n dúró. Wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi. Ùbàídùlláh fi àkísà di ìdérí rédíétọ̀ mú, ó rọra ṣí i.

Ooru kankan kò rú jáde. Inú rẹ̀ gbẹ táútáú.

Ó wo abẹ́ ọkọ̀. Ilẹ̀ gbẹ. Ó fa ọ̀pá òìlì yọ. Omi kò dà pọ̀ mọ́ ọn. Ó gbé bídọ́ọ̀nù omi, ó dà á sí i tán. Kò kún. Ó da ìkejì. Kò kún.

Ẹyẹ ò ké. Afẹ́fẹ́ dúró.

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ọ nínú rédíétọ̀, bí ìgbà tí ọ̀fun ń gbé omi mì. Gbì. Gbì. Ó dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń mí. Gbì.

"Ìyàwó, o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Kí ni?"

"Ẹ má béèrè."

Omi tó kù ò ju èyí tó wà nínú kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀ lọ. Àkókò ìrun ọ̀sán ti tó. Ṣùkúrátù gbé e. Iyẹ̀pẹ̀ wà, yóò fi ṣe tàyámọ̀mù dípò àlùwàlá. Ó tẹ̀ sí ẹnu rédíétọ̀.

"Ẹni yòówù kí ẹ jẹ́, omi àlùwàlá mi rèé. Ẹ jẹ́ kí ẹja yìí délé. Màá gbé ìkòkò omi síbí fún yín, lórúkọ Ọlọ́run."

Ó dà á. Gbì kan ṣoṣo. Omi gòkè wá dé etí rédíétọ̀, ó dúró jẹ́ẹ́.

Ẹja délé láìbàjẹ́. Lẹ́yìn náà ààwẹ̀ dé, ọjà sì le. Ìkòkò di ọ̀la, ọ̀la di ọ̀túnla.

Ùbàídùlláh ló kọ́kọ́ fura: ọkọ̀ náà kì í béèrè omi mọ́. Ó tú omi inú rẹ̀ dànù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ. Láàárọ̀, Ṣùkúrátù ṣí i. Ó kún dẹ́nu. Omi náà tutù, ó ń rùn bí inú ìkòkò amọ̀.

"Ta ló bu omi sí i?"

"Èmi kọ́. Géètì wà ní títì."

Ùbàídùlláh rẹ́rìn-ín, kò rín in tán. "Wọ́n dá omi rẹ padà, ìyàwó."

Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n lọ Nangbéto, wọ́n kó ẹja, abẹ́rẹ́ ooru kò mira. Ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́, ó ń gbọ̀n bí ẹni ibà mú. Ṣùkúrátù fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tutù bí yìnyín. Lóòrùn ọ̀sán gangan.

"Ó ń kú lọ," ni Ùbàídùlláh wí.

"Kò níí kú. Ẹ yà sí Akparé, ọ̀dọ̀ àwọn amọ̀kòkò. Mo ṣì jẹ wọ́n ní ìkòkò omi."

Ó yan ìkòkò tó tóbi jù. Nígbà tí wọ́n padà dé ibi tí ọkọ̀ ti gbé omi mì lọ́jọ́sí, Ùbàídùlláh kò sọ̀ kalẹ̀, kò sì pa ẹ́ńjìnnì. Obìnrin náà gbé ìkòkò sábẹ́ igi kan, ó pọn omi kún un, ó fi ìdérí bò ó, ó fi ife lé e. Kò wẹ̀yìn.

"Ẹ mu," ó ní. "Tiyín ni."