Ọtí Tí Wọ́n Dé Lórí

Nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé ọtí Àgbò Dúdú ni wọ́n ti bá òkú Wilf Oldroyd láàárọ̀, ní ìlú Leeds, nígbà tí èéfín èédú ṣì ń bo ojú ọ̀run níbẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́. Yàrá olówó pọ́ọ́kú ló wà lókè ilé ọtí náà. Látìgbà tí onílé ti ní òun fẹ́ tà á, gbogbo ayálégbé ló ti kó lọ, àfi Wilf àti opó kan, Maureen Tansley. Kí Ìnsípẹ́kítọ̀ Hepworth tó dé, ọlọ́pàá ti de Maureen lọ́wọ́.

"Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, ọ̀gá," ni Clifford Garside, onílé tó tún ń ta ọtí níbẹ̀, wí. "Wilf mutí tán lálẹ́ àná, ó ní ó dàárọ̀, ó gòkè lọ sùn. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ tóbìnrin yìí ń pariwo mọ́ ọn. Ẹnu rẹ̀ lè gé irin!"

"Clifford, ojú ò tì ẹ́!" Maureen ké. "Lóòótọ́ la jà. Ó máa ń lo omi gbígbóná tán kí n tó wẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, yàrá yẹn nìkan ni mo ní láyé. Wọ́n á so mí kọ́ lórí ohun tí mi ò ṣe!"

Hepworth wọ inú ilé ọtí lọ. Wọ́n ti nu tábìlì, wọ́n ti da eérú sìgá nù. Ife kan péré ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná, bíà ṣì wà nínú rẹ̀ dé ìdajì, páálí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbé ife lé sì wà lórí rẹ̀.

"Ta ló ni èyí?"

"Ti Wilf ni."

"Ta ló tún ibí ṣe?"

"Èmi nìkan ni, ọ̀gá."

Hepworth fa àga, ó jókòó. "Ẹni tó bá fi páálí dé ife láàárín wa, ohun tó ń sọ ni pé, 'Mò ń bọ̀, ẹ má gbé e.' Ẹni tó ń lọ sùn kì í dé ọtí. Ẹnìkan ló pè é jáde. Clifford, ilé ọtí ni wọ́n bí ẹ sí. O nu gbogbo ibí, àmọ́ ọwọ́ ẹ ò gbà á láti gbé ọtí ẹni tó lóun ń bọ̀. Ẹni tí kò mọ àṣà yìí ì bá ti dà á nù."

Garside tẹjú mọ́ ife náà.

"O ti ọ̀kan ṣubú, o di ẹ̀sùn ru èkejì. Yàrá méjèèjì á ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà, wàá sì ráyè ta ilé."

"Mo kàn ní kó wá ká sọ̀rọ̀ lórí àtẹ̀gùn ni!" ni Garside ké. "Ó fi mí rẹ́rìn-ín, ọ̀gá. Ó ní òkú òun nìkan ló máa kúrò níbẹ̀. Ni mo bá tì í."

Wọ́n tú Maureen sílẹ̀, wọ́n sì de Garside. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́pàá fi bẹ̀rẹ̀ sí í ti gbogbo ilẹ̀kùn ilé náà pa, tòkè tìsàlẹ̀, nítorí wọ́n ti pa ènìyàn níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé mọ́.

Maureen dúró lójú títì pẹ̀lú àpò aṣọ kan.

"Ẹ ṣeun o, ọ̀gá," ó wí. "Níbo wá ni kí n lọ sùn?"

Hepworth ṣí fìlà lórí.