Ìkọ́ Tí Wọ́n Fi Àmì Sí

Ní àárọ̀ Sátidé tí wọ́n fẹ́ ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn awakùsà ní Kurrabeen, ìlú kan tí wọ́n ti ń wa èédú tẹ́lẹ̀, Noeline Treloar ń kọrin. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, kì í sì í kọrin. Leanne ọmọ rẹ̀, tó wá fi mọ́tò gbé e, ní, "Mọ́mì, ṣé ẹṣin tí ẹ ta tẹ́tẹ́ lé lórí ló ṣe ipò kìíní ni?"

"Bàbá mi ni mò ń lọ rí."

Láyé àtijọ́, awakùsà kọ̀ọ̀kan ní Kurrabeen ló ní àmì idẹ tó ń gbé kọ́ ara pátákó. Bó bá ń wọ kòtò èédú, á mú un dání. Bó bá jáde, á gbé e kọ́ padà. Ìkọ́ tó bá ṣófo, ẹni tó ni ín ṣì wà nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ tí kòtò náà wó, ìkọ́ méjìlá ló ṣófo, àmọ́ èèyàn mọ́kànlá ni iléeṣẹ́ kà sókùú. Wọ́n ní Ron Treloar, bàbá Noeline, tí àmì rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà ogójì, kò wá síṣẹ́, pé ó ti bá obìnrin kan sá lọ sí ìpínlẹ̀ Queensland. Ìyá Noeline ru ìtìjú yẹn wọ sàréè. Nígbà ayé rẹ̀, nígbà tí wọ́n ti kòtò náà pa, òun ló gbé pátákó yẹn lọ sílé, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Eruku èédú ti sọ igi ẹ̀yìn ìkọ́ méjìlá yẹn di dúdú, ti ogójì náà wà lára wọn. Ẹ̀yìn àwọn àmì tó kù mọ́ róbótó.

Noeline ló wá fi pátákó náà ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́rẹ. Kò ya fọ́tò, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó kàn sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹni tó gbé e sínú ọkọ̀ ni. Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé Sátidé yẹn, oníwàádìí ìjọba ń bọ̀ wá wò ó, kí wọ́n lè fín orúkọ Ron sára òkúta ìrántí.

Wọ́n wọlé. Pátákó náà ń dán. Gbogbo ìkọ́ ló ní àmì. Noeline wá ìkọ́ ogójì lọ, ó bá àmì tuntun níbẹ̀, ó ń kọ mànà.

"Ta ló fi nǹkan síbí?" Àwọn tó ń jẹ kéèkì yíjú sí i.

Damien Prowse, ọ̀gá ibẹ̀, sáré wá tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ó rẹwà, àbí? Méjìlá ló sọnù, a wá ṣe òmíràn. A fi sáńpépà ha igi náà, a kùn ún ní fániṣì."

"Kò sọnù! Bàbá mi ló mú un wọlẹ̀! Ìwọ wá ń sọ fáyé pé ó jáde, ó lọ sílé lọ jẹun!"

Merv Slattery, arúgbó tó máa ń pín àtùpà fáwọn awakùsà nígbà náà, fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Kò sẹ́ni tí ò mọ ohun tí ìkọ́ òfìfo ń sọ nílùú yìí. Abéèrè kì í ṣìnà, Damien. Àbí ẹnu ń dùn ẹ́ ni?"

"Ẹ má bínú, Merv. Mo rò pé àwọn àlejò á ní a ò tọ́jú ẹ̀…"

"Àlejò! Ṣé àlejò ló kú síbẹ̀ ni?"

Leanne di ìyá rẹ̀ mú. Noeline já ara rẹ̀ gbà, ó yọ àmì náà, ó sọ ọ́ sínú ife tíì Damien.

Ní Mọ́ńdè, oníwàádìí náà, Helen Vasko, wo pátákó náà títí. "Ǹjẹ́ ẹ ní fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó ha á?"

"Rárá."

"Ìwé tí ẹ̀yin àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé jọ fọwọ́ sí ńkọ́?"

"Kò sí."

"Ẹ̀rí Merv wà pé Ron wọ kòtò lọ́jọ́ náà, àmọ́ ìwé iléeṣẹ́ ta kò ó. Igi yìí ló yẹ kó là wọ́n. Mo gbà yín gbọ́, Noeline, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ìgbàgbọ́ fín òkúta."

Wọ́n lé Damien kúrò níṣẹ́. Ìyẹn ò dá eruku padà sára igi. Noeline ń sọ títí dòní pé òun náà jẹ̀bi, pé òun rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu tó. Orúkọ mọ́kànlá ló ṣì wà lára òkúta náà.

Inú ń bí èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, mi ò sì ní purọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ohun àtijọ́, ìdọ̀tí mìíràn, ẹ̀rí ni. Ẹ má nù ún láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ẹ̀yin tí nǹkan bàbá yín wà lẹ́yìnkùlé, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, tiwájú tẹ̀yìn. Ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, kó má sì kúrò nílé láìsí ìwé tí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí. Ẹ ṣe é lónìí, kí ẹnìkan tó fi fániṣì kun òkú yín.