Perpétue Kò Dúró De Bàbá Rẹ̀

Jíìpù náà gun òkè ẹlẹ́rẹ̀ náà dé ìdajì, agbára rẹ̀ sì tán. Ẹ́ńjìnnì ń ké, èéfín dúdú ń tú jáde lẹ́yìn, ṣùgbọ́n táyà kò sún síwájú mọ́. Henriette, ìyá Perpétue, fi gbogbo ara tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọkọ̀, àwọn kúlà oúnjẹ ń kọlu ara wọn.

"Sọ̀ kalẹ̀, wá òkúta sábẹ́ táyà," ni ìyá rẹ̀ wí.

Perpétue, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, bẹ́ sínú ẹrẹ̀. Ibi tí wọ́n ń lọ wà lókè lọ́hùn-ún, lẹ́yìn Bingerville, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ilé tuntun. Takisí kankan kì í gba ọ̀nà ibẹ̀ nígbà òjò. Láti ìgbà tí bàbá Perpétue ti dùbúlẹ̀ àìsàn, ìrẹsì àti àtíéké, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, tí ìyá rẹ̀ ń sè fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ń bọ́ ilé wọn.

Àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá ru kúlà lọ sókè. Yacouba, ọ̀gá wọn, tẹ̀ lé wọn bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Tantie, oúnjẹ yín dùn, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn," ló sọ. "Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń rí rèé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àwọn ọmọ mi kò lè máa fi àsìkò iṣẹ́ ru kúlà. Ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí ọkọ̀ yẹn."

"A óò ṣe é," ni Henriette dáhùn.

Nígbà tí wọ́n padà dé ilé wọn ní àdúgbò Koumassi Remblais, bàbá Perpétue, Laurent, jókòó nínú àgbàlá, ó ń retí wọn. Olùkọ́ èdè Faransé ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe àṣìṣe kan ṣoṣo nínú gbólóhùn, àfi kí ó tún un kọ. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, àrùn ẹ̀gbà kọlù ú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ sì tún là ní ọsibítù, Faransé kọ̀, kò jáde. Yorùbá Pọ́bẹ̀ ló jáde, èdè ìlú tí wọ́n bí i sí ní Benin. Dókítà ní irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, kí wọ́n ṣáà máa bá a sọ èyí tó bá ń wá.

Èyí kò nira fún Henriette. Perpétue ni ó nira fún. Kò sí ohun tí wọ́n sọ ní Yorùbá tí kì í yé e, ṣùgbọ́n Faransé ló fi ń dáhùn láti kékeré. Bí ó bá fẹ́ sọ Yorùbá, ahọ́n rẹ̀ á wúwo bí ẹni pé ó ti kú tipiri. Bí Mélissa ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá sì wá kí i, kíá ni yóò fà á wọ yàrá, kí bàbá rẹ̀ má baà la ẹnu. Ojú ń tì í pé olùkọ́ Faransé kò lè fi "bonjour" kí ènìyàn mọ́.

Lọ́jọ́ náà, Laurent ní kí ìyàwó òun ṣíná jíìpù, ó sì dẹtí sí ẹ́ńjìnnì. Kí ó tó ṣàìsàn, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ló fi ń tún ọkọ̀ yìí ṣe fúnra rẹ̀, tí gíríìsì yóò kùn ún dé ìgúnpá.

"Túbò ni," ló sọ. Ó sinmi díẹ̀. "Apá rẹ̀... há."

Túbò ló ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ lè lágbára. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí apá ló ń darí rẹ̀, tí ń mú kí ó ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ tàbí kí ó dín in kù. Bí irin náà bá há, ọkọ̀ kò ní lè gun òkè.

Laurent na ọwọ́ òsì sí ọmọ rẹ̀. "Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìwọ... ọwọ́. Èmi... ẹnu."

"Oui, papa," ni Perpétue fi Faransé gbà. Ojú bàbá rẹ̀ tàn. Ó ti pẹ́ tí ojú náà ti tàn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Mélissa pè é lórí fóònù. Gbogbo ẹgbẹ́ wọn ní kíláàsì ń lọ sí etí òkun ní Grand-Bassam.

"N kò lè wá," ni Perpétue sọ. "Mo fẹ́ bá bàbá mi tún ọkọ̀ ṣe."

"Ìwọ ni mẹkáníìkì?" Mélissa rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi Aristide ń kọ́ṣẹ́ ọkọ̀. Kí o tó wọ bàtà tán, á ti parí rẹ̀."

Perpétue wo àgbàlá. Àwọn òbí rẹ̀ ti gba takisí lọ sí ọsibítù, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ bàbá rẹ̀ ní eré ìdárayá fún ọwọ́ tó rọ. Ó rò ó pé bàbá òun máa ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo títí yóò fi sú ẹni tó ń gbọ́. Ilẹ̀ yóò ṣú lórí túbò yìí. Ó sì rò ó pé kí ọkọ̀ ṣáà ti dára ni Màmá fẹ́, ẹni yòówù kó tún un ṣe. Ó ní kí Aristide máa bọ̀.

Aristide dé pẹ̀lú òòlù, ẹ̀mú àti wáyà. Ọmọ tó yá mọ́ni ni, ṣùgbọ́n ó ń kánjú. Ó rí irin tó há náà, ó fi òòlù gbá a títí ó fi sún, ó wá fi wáyà so ó pa síbi tó sún sí kí ó má baà padà. Nígbà tí Perpétue ṣíná, ẹ́ńjìnnì bú bíi kìnnìún.

"Ṣé bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn, kí a so ó pa?" ni Perpétue bi í.

"Y'a pas drap," ni Aristide wí, ó ń nu ọwọ́. "Kò séwu. Ẹ lè tún un ṣe dáadáa bó bá yá."

Perpétue lọ sí Grand-Bassam. Nígbà tó padà ní ìrọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù, àpótí irinṣẹ́ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti ṣí i sílẹ̀.

"Wọ́n ti tún un ṣe, Papa," ni Perpétue sọ ní Faransé. "Ẹ máa sinmi."

Laurent wò ó, ó fi ọwọ́ òsì pa àpótí náà dé, ó sì rọra wọlé.

Ní ọjọ́ Ajé, kò sí ilé-ẹ̀kọ́, nítorí náà Perpétue bá ìyá rẹ̀ lọ. Jíìpù ń sáré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, inú Henriette sì ń dùn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé Bingerville, nǹkan kan dún gbàmù lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì. Túbò ti ti afẹ́fẹ́ jù, nítorí apá tó yẹ kó dín in kù kò lè kúrò lójú kan. Rọ́bà ńlá tí afẹ́fẹ́ ń gbà ti fò kúrò ní ìdí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kú sójú ọ̀nà.

Oòrùn ń pa wọ́n títí wọ́n fi rí ẹni tó fa ọkọ̀ náà padà sílé. Ọbẹ̀ inú kúlà ti kan. Àwọn òṣìṣẹ́ kò jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ní ìrọ̀lẹ́, Yacouba pè: ó ti bá obìnrin mìíràn sọ̀rọ̀ pé kí ó máa gbé oúnjẹ wá. Henriette dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé fóònù kalẹ̀, ó sì lọ fọ ìkòkò.

Laurent ní kí Perpétue ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì. Ó bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀, ó sì rí wáyà náà. Ó fi ìka kàn án. Perpétue ń retí kí ó bínú.

"O kò... dúró dè mí," ni bàbá rẹ̀ wí.

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ìgbà yẹn ló yé e pé kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni bàbá òun fẹ́ tún ṣe lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó fẹ́ wúlò nínú ilé rẹ̀. Òun sì ti gbé iṣẹ́ yẹn fún ẹlòmíràn nítorí etí òkun.

Ó kúnlẹ̀. Ó wá ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá, kò sì jẹ́ kí Faransé gba ẹnu rẹ̀. "Bàbá, ẹ... ẹ forí jì mí. Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Àwa méjì."

Nígbà tí ọjọ́ Àbámẹ́ta tún dé, ó pa fóònù, ó sì gbé àga bàbá rẹ̀ síwájú jíìpù. Ẹ́ńjìnnì ti tutù. Ìṣòro kan ni pé Faransé ni Laurent fi kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀, orúkọ gbogbo irin inú rẹ̀ sì ti bá Faransé lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ inú ilé ló wá ń lò.

"Ìkòkò kékeré," ló sọ, ó nawọ́.

Perpétue wò káàkiri. Ó rí nǹkan roboto kan tó dà bí agolo, tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà ti inú rẹ̀ jáde. "Èyí?"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Yọ òrùka. Apá á bọ́."

Ó fi ẹ̀mú gé wáyà Aristide dànù, ó yọ òrùka kékeré tó de irin náà, irin sì bọ́. Bàbá rẹ̀ ní kí ó yọ ìfun, kí ó ti apá sókè, kí ó fi ìka dí ihò tí ìfun ń wọ̀. Ìfun ni rọ́bà tín-ínrín tó wọ inú ìkòkò náà. Apá dúró sókè, kò já wálẹ̀. Laurent mi orí: ìkòkò kò jò. Ìdí túbò gan-an ló há, níbi tí ìpẹtà àti ẹ̀gbin èéfín ti di í pa.

"Epo," ló wí. "Kí o dúró."

Wọ́n ta epo sí i, wọ́n dúró. Nígbà tó yá, Perpétue fi ìka tì í. Kò mira. Ó wo òòlù.

"Má fipá ṣe é," ni bàbá rẹ̀ sọ. "Díẹ̀. Lọ, bọ̀."

Ó tì í lọ bí ìbú èékánná, ó fà á bọ̀. Ó ta epo mìíràn. Wọ́n tún dúró. Nínú ìdúró yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ fún bàbá rẹ̀, Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀, bàbá rẹ̀ ń gbé e dìde. Ó rí i pé rọ́bà tín-ínrín náà ti sán.

"Bàbá, ìfun yìí ti kú."

Laurent bú sẹ́rìn-ín títí Henriette fi yọjú láti ilé ìdáná. "Ìfun kì í kú," ló wí. "Ó ti sán. Sọ ọ́."

"Ìfun yìí ti sán."

"Tún un sọ." Bó ṣe ń wí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní kíláàsì gan-an nìyẹn.

Perpétue sáré lọ ra rọ́bà tuntun ní ṣọ́ọ̀bù etí títì. Nígbà tó dé, ìdí túbò ti ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ìka rẹ̀. Wọ́n fi ìfun tuntun náà bọ ìkòkò, wọ́n dá apá àti òrùka padà, wọ́n de rọ́bà ńlá tó fò kúrò mọ́ ìdí rẹ̀. Henriette ṣíná, irin náà wọlé sínú ìkòkò. Ó paná, irin náà jáde wá. Kò há níbì kankan.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ jíìpù, wọ́n gun òkè ẹlẹ́rẹ̀ náà láìdúró. Henriette lọ bá Yacouba. Yacouba kò lè lé obìnrin kejì lọ, ṣùgbọ́n ó fún Henriette ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ó ní àwọn ọmọ iṣẹ́ òun ti ń béèrè ìrẹsì rẹ̀. Kò tó ti tẹ́lẹ̀. Henriette gbà á.

Ní ọsibítù, obìnrin tó ń kọ́ Laurent ní ọ̀rọ̀ sísọ ṣàkíyèsí pé gbólóhùn rẹ̀ ti ń gùn sí i, àti pé Faransé díẹ̀díẹ̀ ti ń padà. Ó bi wọ́n pé irú ìdárayá wo ni wọ́n ń ṣe nílé.

"Èmi àti ọmọ mi," ni Laurent dáhùn, "à ń tún ọkọ̀ ṣe."

Perpétue kò jẹ́ gbàgbé iye tí ìkánjú ọjọ́ kan ná wọn. Ìkánjú náà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìrètí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó ti mọ̀ pé àbùjá ọ̀nà lè mú nǹkan dà bí ohun tó dára fún ọjọ́ díẹ̀, àti pé ẹni tí a bá fẹ́ràn tọ́ sí kí a fún un ní àsìkò wa, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ falẹ̀. Nígbà tí Mélissa sì tún wá kí i, kò fà á wọ yàrá mọ́. Ó mú un lọ sí ìdí jíìpù, ó ní, "Wá kí bàbá mi."