Ààyè Kẹrin Nínú Orin Ìkórè

Àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà lọ́jọ́ Ìkórè ọdún 1956 ṣì wà l'Adó níbí. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, kó lọ bi wọ́n. Ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń tòògbé.

Akínọlá ni ọ̀gá akọrin. Adéyẹyè ọ̀rẹ́ rẹ̀, tíṣà kan ní Ìgèdè, kọ orin ìkórè sínú ìwé, ó ní kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Kí oṣù tó parí, ikọ́ gbé tíṣà lọ. Ẹ wá wo ìwà ọmọ aráyé! Akínọlá da orin náà kọ, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sókè gàdàgbà.

Sólúfà ni, àmì do-re-mi tí àwọn akọrin fi ń ka ohùn orin. Ìlà kọ̀ọ̀kan pín sí ààyè mẹ́rin-mẹ́rin: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ààyè tí wọ́n bá fa ìlà kékeré sí, ohùn á máa fà lọ níbẹ̀. Èyí tó bá ṣófo, gbogbo ẹnu á pa dé. Adéyẹyè fi ààyè kẹrin sílẹ̀ lófìfo láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà dá orin náà mọ̀, Akínọlá fi ohùn dí gbogbo rẹ̀.

Sẹ̀gilọlá, opó tíṣà, gbọ́. Ó wá a wá sílé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ ọkọ mi lọ́jọ́ Ìkórè. Kí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣáà gbọ́ ọ."

"Ìyàwó wa, kí lòkú fẹ́ fi orúkọ ṣe?"

Obìnrin náà ò bú u. "Ó dáa. Á wá gbà á fúnra rẹ̀."

Akínọlá rẹ́rìn-ín.

Ní ìdánrawò Ọjọ́bọ̀, ó kọ orin náà sójú pátákó, ó ń fi ọ̀pá lu tábìlì. Ení, èjì, ẹ̀ta. Gbogbo akọrin dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń bá a lọ.

"Ṣé ẹ ò rí pátákó ni?"

"Ọ̀gá, òfìfo la rí ní ààyè kẹrin," Títílọlá, olórí àwọn obìnrin, ló dáhùn.

Ó yíjú. Òótọ́ ni. Ó tún un kọ, ó tẹ̀ ẹ́ títí ṣọ́ọ̀kì fi kán. Wọ́n tún gbé orin. Ení, èjì, ẹ̀ta. Kẹ́kẹ́ pa. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn àwọn ọkùnrin. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Títílọlá kó ìwé rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìkórè pé, ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Ẹsẹ kìíní orin náà dé ààyè kẹrin, ikọ́ yẹn dún lẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ kejì, ó dún láàárín èrò. Ní ẹsẹ ìkẹyìn, ẹ̀yìn ọrùn Akínọlá gan-an ló ti dún. Ẹ̀rù bà á débi pé ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọjú sí ìjọ.

"Ẹ dárí jì mí! Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Orin Adéyẹ..."

Ẹnu rẹ̀ pa dé. Ó tún un gbìyànjú. A. Dé. Yẹ. Ìró kẹrin kọ̀, kò jáde. Ó fa pẹ́ńsùlù yọ, ó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Pẹ́ńsùlù ń rìn lórí ìwé, kò kọ nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀ta.

Sẹ̀gilọlá wà ní ìjókòó iwájú pẹ̀lú àwọn ọmọ. Akínọlá lọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyàwó wa, bá mi pè é."

Orúkọ náà wà lẹ́nu obìnrin náà. Gbogbo ìjọ ń wò ó. Ó dìde, ó fa àwọn ọmọ lọ́wọ́.

"Ẹ parí rẹ̀ fúnra yín," ló wí, ó sì jáde.

Olúyẹ́misí, ìyàwó Akínọlá, ló sọ èyí tó kù. Ó ní bí ọkọ òun bá fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́sàn-án, á mí lẹ́ẹ̀mẹta, èémí rẹ̀ á dúró. Ẹnìkan á wúkọ́ nínú yàrá. Ìgbà náà ni á tó tún mí. Ó máa ń ka bí èémí náà ṣe dúró pẹ́ tó. Tẹ́lẹ̀, kò ju ení lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kà á dé ẹ̀sán.